Bí Lásísì Àkànó Ṣe Mú Ẹ́ńjìnì Olóògbé Bùsàrí Wúkọ́

Ẹ ṣí fìlà, ẹ̀yin ará etí ọ̀sà! Ẹ̀yin apẹja Ẹ̀pẹ́ tí omi ń jí, tí omi ń rẹ̀ sùn, ẹ gbé àwọ̀n sílẹ̀ ná, nítorí orúkọ tí mo fẹ́ dá yìí, a kì í dé fìlà gbọ́ ọ. Lásísì Àkànó ni! Ọmọ Yékínì, ọkùnrin tí í dá ọkọ̀ olówó mọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ̀ onígbèsè nínú kùrukùru, nípa bí omi ṣe ń lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ-ọmọ Ajíwẹ̀dò, tí ọ̀nì gba àjẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, tó bá ọ̀nì wọ̀dìmú títí ó fi rẹ ọ̀nì, tó gba àjẹ̀ rẹ̀ padà pẹ̀lú eyín ọ̀nì kan lórí, ìyẹn ni èlé. Ọkùnrin kúkúrú ni Lásísì, ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Kí wá ni iṣẹ́ akọni yìí? Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó díye lé àwọn arúgbó ẹ́ńjìnì, àwọn tí à ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ti ń fọ́n omi lẹ́yìn ọkọ̀ kí a tó bí púpọ̀ nínú yín. Láti Ẹ̀jìnrìn títí dé Lẹ́kì, kò sí ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí kò fi ìka kàn lórí rí, tí kò gbọ́ òórùn rẹ̀, tí kò fi ahọ́n tọ́ epo ara rẹ̀ wò kí ó tó sọ pé iye báyìí ni. Òfin kan ṣoṣo ló gbé kalẹ̀, gbogbo etí ọ̀sà ló sì gbà á: èyí tó bá wúkọ́ nígbà tí a fa okùn rẹ̀, ẹ́ńjìnì ni, owó ẹ́ńjìnì la ó san, èyí tí kò bá wúkọ́, irin ni, kí wọ́n gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n.

Òfin yìí ló gbé ogun dé ilé olóògbé Bùsàrí, awakọ̀ ojú omi. Bùsàrí fi ọmọ méjì sáyé, Mùdáṣírù àti Àfùsátù àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó sì fi ẹ́ńjìnì kan sílẹ̀ tó dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ. Mùdáṣírù fẹ́ kí ẹ́ńjìnì náà kúrò nílẹ̀. Ó ti pe Fàtáì tí ń ra irin àlòkù, Fàtáì sì ti gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ kọ́ sára igi àgbálùmọ̀ tó wà lójúde. Àfùsátù ní wọn kò ní gbé e. Láti kékeré, ohùn ẹ́ńjìnì yẹn ló fi ń mọ̀ pé bàbá òun ti ń bọ̀ lójú omi. Bó bá ti gbọ́ ọ lókèèrè, á gbé omi ìwẹ̀ bàbá rẹ̀ kaná.

"Bí wọ́n bá fọ́ ọ wẹ́wẹ́," ó ní, omijé ń dà lójú rẹ̀, "kí ló kù tí n ó máa gbọ́?"

"Ó ti pẹ́ tí o ti gbọ́ ọ kẹ́yìn," Mùdáṣírù dá a lóhùn. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ pe Bàbá Lásísì. Bí wọ́n bá ní ẹ́ńjìnì ni, ó dúró. Bí wọ́n bá ní irin ni, Fàtáì, gbé e lọ."

Báyìí ni akọni ṣe dé. Ṣùgbọ́n bó ti fojú kan ẹ́ńjìnì yẹn, ó rántí pé inú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì yìí ń tì ni ìyàwó òun jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá bá òun láti òdìkejì ọ̀sà. Bùsàrí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Síbẹ̀, Lásísì kò parọ́ nítorí ẹ́ńjìnì rí. Bí èyí kò bá wúkọ́, ẹnu òun náà ni yóò fi pe ẹ́ńjìnì ọ̀rẹ́ òun ní irin.

Wọ́n so ẹ́ńjìnì mọ́ pákó, wọ́n ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú àgbá omi, wọ́n bu epo bẹntiróò sí i. Lásísì ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó fẹsẹ̀ rinlẹ̀ bí ẹni tí yóò fa ìlú Ẹ̀pẹ́ kúrò níbi tó wà, ó di okùn mú, ó sì fà á! Ilẹ̀ mì. Ewé àgbálùmọ̀ já bọ́. Adìẹ tó ń sàba lábẹ́ àga gbàgbé ẹyin rẹ̀. Ẹ́ńjìnì kò sọ nǹkan kan.

Ó tún fà á. Fìlà rẹ̀ ṣí kúrò lórí, ó bọ́ sínú àgbá. Ó ki í: "Ìwọ adú bí ìkòkò, ìwọ tí kì í mu omi tó ń gbé inú omi, ìwọ ọkọ ìjì, dá mi lóhùn!" Ó fà á títí okùn ṣòkòtò rẹ̀ fi já, tó wá ń fi ọwọ́ kan jagun, tó ń fi ọwọ́ kejì di ìtìjú rẹ̀ mú. Ẹ́ńjìnì dákẹ́ lọ gbári. Fàtáì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ó ń nu ìwọ̀ òṣùwọ̀n rẹ̀.

Mọ̀jà-mọ̀sá là ń mọ akínkanjú. Lásísì sá sẹ́yìn, ó jókòó, ó mu omi, ó tún okùn ṣòkòtò so. Nígbà náà ló rántí imú rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí a fà tó báyẹn, ó yẹ kí òórùn bẹntiróò máa jáde lẹ́nu sàláńsà rẹ̀, níbi tí èéfín ń gbà. Ó kúnlẹ̀, ó fa imú. Kò gbọ́ òórùn kankan. Ó ki ìka bọ ihò náà, ó sì fa nǹkan funfun kan jáde. Ó tún fà, ó tún ń jáde. Ó lọ sí ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń mí, níbẹ̀ náà, òwú ni.

"Ta ló fi òwú dí i nímú?"

Àfùsátù doríkodò. "Èmi ni, Bàbá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń tọ́jú òkú Bàbá wa, òwú tí wọ́n fi dí i nímú ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn ààfáà. Mo wò ó pé ẹ́ńjìnì yìí àti Bàbá ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Mo ní kó má dà bíi pé òun ò lẹ́nìkan."

Fàtáì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rí ẹni bá a rín in.

"Ọmọ mi," Lásísì ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "o ti sin ín láàyè."

Ó yọ gbogbo òwú náà kúrò. Ó bi ẹ́ńjìnì léèrè bóyá ó ń gbọ́ òun. Ó di okùn mú, ó fi gbogbo ìran Ajíwẹ̀dò fà á. Gbùhù! Gbùhù-gbùhù-gbùhù! Èéfín dúdú bo ojúde, omi fò sókè nínú àgbá, fìlà Lásísì ń jó yípo nínú rẹ̀. Ohùn náà la ilé kọjá, ó dé etídò. Mùdáṣírù, tó jókòó lórí àga rẹ̀ láti àárọ̀ pẹ̀lú ojú líle, fò dìde kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó kọjú sí ọ̀nà odò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá," ó ní.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dìde.

Nígbà náà ni Lásísì Àkànó dúró, epo lójú, ọwọ́ kan lára ṣòkòtò, ó sì kéde kí ẹja inú ọ̀sà lè gbọ́: "Ẹ gbọ́ o! Ẹ́ńjìnì ni, kì í ṣe irin! Mo sì díye lé e: iye ewúrẹ́ kan, pẹ̀lú okùn ọrùn rẹ̀!"

"Bàbá," Fàtáì ní, "iye ewúrẹ́ kan náà ni mo fẹ́ san."

"Ìwọ kò san ti okùn!"

Ẹ wo ìṣẹ́gun, ẹ̀yin ará etí ọ̀sà! Ẹ wo ọmọ akọni tó fi odindi ọjọ́ jagun, tí ìkógun rẹ̀ jẹ́ okùn ọrùn ewúrẹ́! Kí a kọ orúkọ rẹ̀ sára gbogbo ọkọ̀! Kí ọ̀nì máa yà fún un lọ́nà!

Mùdáṣírù já òṣùwọ̀n kúrò lára igi, ó gbé e lé Fàtáì lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnì ṣì ń wúkọ́ nínú àgbá.

"Àfùsátù," ó ní, "gbé omi kaná."