Lẹ́tà Tíṣà Olátẹ́jú sí Ọdẹ

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó? Ẹ ó ní àfiwé lásán ni. Àfiwé kọ́ o. Ní abúlé Ìdí-Òro, obì gidi ni, ọfà gidi ni, fìlà tíṣà kan sì wà láàárín wọn.

Ìjì ló ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn tó ni ilé ẹ̀kọ́ ní bí àkọ́rọ̀ òjò bá bá a ní ìhòòhò, àwọn yóò tì í pa, kí Tíṣà Olátẹ́jú wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Igi àpá tó lè gbé òrùlé dúró kò sì sí níbòmíràn àfi lóko Bàbá Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ àgbà tí inú rẹ̀ kì í pẹ́ bí.

Tíṣà ní àwọn yóò kọ lẹ́tà, òun yóò sì fi kọ́ àwọn ọmọ ìwé kẹrin bí a ṣe ń fi ìwé yí ènìyàn lọ́kàn padà.

"Ọ̀rọ̀ tó le ni kí ẹ yàn," ló wí. "Òun náà ni kí ẹ gbé ṣíwájú, kó lè mọ̀ pé a ò wá ṣeré."

Ọmọbìnrin kan, Àwẹ̀ró, nawọ́. "Sà, bí mo bá fẹ́ gba ẹran lọ́wọ́ ìyá mi, mo máa ń kọ́kọ́ kí wọn ni."

"Ti ẹran nìyẹn. Òrùlé là ń sọ. Jókòó."

Nígbà tí Tíṣà àti àwọn ọmọ dé ilé Bàbá lọ́jọ́ kejì, Bàbá ti ki ọwọ́ bọ àpò láti fún àlejò lóbì. Bàbá kò mọ̀wé. Tíṣà bá gbé lẹ́tà fún Àwẹ̀ró, kí Bàbá lè rí i pé ilé ẹ̀kọ́ ń ṣiṣẹ́.

"'Sí Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́jìnmí,'" Àwẹ̀ró kà.

Ọwọ́ Bàbá dúró nínú àpò.

"'Igi àpá mẹ́ta tí ahun yín kò jẹ́ kí ẹ fún ẹnikẹ́ni wà lóko yín.'"

Ọwọ́ kúrò nínú àpò, ó di ìdí apó.

"'Ẹ ti dàgbà, ikú ò sì jìnnà. Ẹ kó wọn fún wa kí àwọn ọmọ yín tó jà lé wọn lórí.'"

Bàbá fa ọfà yọ, ó fi lé ọsán ọrun rẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sí ikùn Tíṣà. "Ta ló kọ ọ́?"

"Àwọn ọmọ ni, sà," ni Tíṣà wí. Ẹ̀yin náà ẹ wo àgbàlagbà!

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Àwẹ̀ró wí. "Mo ṣì í kà ni. Mo dorí ìwé kodò." Ó yí ìwé náà po. "'Bàbá wa, a kí yín, ẹ kú iṣẹ́ oko. Igi àpá mẹ́ta wà lóko yín tí ẹ tọ́jú bí ọmọ. Ẹ ti dàgbà, ẹ ó sì tún dàgbà sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn fún wa, kí àwọn ọmọ yín lè jókòó sábẹ́ wọn, kí wọ́n máa dárúkọ yín.'"

Igi mẹ́ta yẹn náà ni o. Ọjọ́ orí yẹn náà ni. Àwọn ọmọ yẹn náà ni.

Ọfà rọra padà sínú apó. Bàbá nu ojú. "Tún apá ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ mi kà." Àwẹ̀ró tún un kà. Obì bọ́ síta, aláwẹ́ mẹ́rin. "Ẹ wá gé igi lọ́la."

Ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ kò jẹ́ kí Tíṣà pa ẹnu mọ́. "Mo mọ̀ pé ẹ ò ní jẹ́ kí ahun yín—"

Fìlà rẹ̀ ti wà lára òpó, ọfà ló kàn án mọ́ ọn.

"Igi ti di ti ọmọ yìí," ni Bàbá wí. "Fìlà di tèmi."

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, kò kan ọmọ kankan. Lábẹ́ òrùlé tuntun, Tíṣà dúró láìdé fìlà, ó kọ ọ́ sára pátákó pé: Ẹ kọ́kọ́ kí wọn. Bí àlejò bá sì bèèrè fìlà rẹ̀, Àwẹ̀ró ló máa ń dáhùn: ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.