Ojú Ni Fọláhàn Fi Dẹnu Kọ Moróunkẹ́

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹ má sì wulẹ̀ sọ fún mi pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó ṣe tẹlifíṣọ̀n. Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni? Èmi wà níbẹ̀, láti ìgbà náà ló sì ti rẹ̀ mí.

Fọláhàn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló fà á. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé ní Ìkìrun, fóònù ló ń tún ṣe. Ọmọ tó mọṣẹ́ ni, ó mọ èèyàn kí, kì í ráhùn oúnjẹ. Àrùn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: fíìmù àwọn ará Kòríà. Bí ilé bá ń jó, tó bá ti jókòó ti fíìmù yẹn, kò ní mọ̀.

Mo bá a wò ó lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin kan fẹ́ràn obìnrin kan. Ó wò ó. Obìnrin náà wò ó. Òjò dé, ọkùnrin fi agbòjò bò ó, wọ́n tún wo ara wọn. Mo lọ gbé ọbẹ̀ kaná, mo dé, wọ́n ṣì ń wo ara wọn.

Mo ní, "Ọmọ yìí, ṣé àwọn wọ̀nyí ò lẹ́nu ni?"

Ó ní, "Àǹtí mi, bí ìfẹ́ òde òní ṣe rí nìyẹn. Ojú ni wọ́n fi ń sọ ọ́."

Ẹ gbà mí o.

Ó wá lọ nífẹ̀ẹ́ Moróunkẹ́, aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì. Ọmọ dáadáa, kò lábùkù. Kàkà kí Fọláhàn wọlé lọ bá a sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló dúró sí, ó tejú mọ́ ọn. Moróunkẹ́ ní, "Bọ̀dá Fọláhàn, ṣé kò sí nǹkan?" Ó túbọ̀ ranjú, kò ṣẹ́jú. Ìyá Moróunkẹ́ ni àánú ṣe, ó mú oògùn ojú wá, ó kán an sí i lójú méjèèjì. Ọmọ mi délé pẹ̀lú omi lójú, ó ní ìfẹ́ àwọn ti ń wọra.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Omi ẹ̀rọ kò yọ nígbà kan, òjò wá rọ̀, Moróunkẹ́ gbé báàfù síta kó fi gba omi. Fọláhàn sáré dé, ó ṣí agbòjò bo ọmọbìnrin náà àti báàfù rẹ̀ pọ̀. Moróunkẹ́ gbé báàfù sí apá ọ̀tún, agbòjò tẹ̀ lé e. Ó gbé e sí apá òsì, agbòjò ti débẹ̀.

"Bọ̀dá, omi ni mo fẹ́ gbà!"

Fọláhàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo ọ̀kánkán. Òjò dá, báàfù gbẹ.

Kò pẹ́ sí i, Ráájí bíríkìlà kó aṣọ wá rán. Moróunkẹ́ ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Fọláhàn já wọlé, ó gbá Moróunkẹ́ lọ́rùn ọwọ́ mú, ó ń fà á lọ síta, ó ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nínú fíìmù nìyẹn. Àwọn èèyàn figbe ta: "Gbọ́mọgbọ́mọ!" Ọpẹ́lọpẹ́ baálẹ̀ àdúgbò wa tó ń kọjá lọ, wọn ì bá lù ú pa. Baálẹ̀ ní, "Kí lo fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe?" Gbólóhùn kan ló yẹ kó sọ, kó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ ni. Ó gbójú sókè, omijé kan ṣoṣo já bọ́. Baálẹ̀ ní kí n máa mú un lọ sílé, kí n fún un lóúnjẹ.

Lọ́jọ́ kejì, Moróunkẹ́ wá bá mi. Ó ní, "Àǹtí, mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn mi, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ Ráájí ti sọ tiẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ ń gbé ẹrù ìdána bọ̀ ní Sátidé. Ẹ bá mi sọ fún un kó yanu kó sọ ọ́. N ò lè fi ojú lásán ṣe ọkọ." Inú mi bàjẹ́. Mo sọ fún Fọláhàn, mo bẹ̀ ẹ́, ó kù díẹ̀ kí n fọwọ́ la ẹnu rẹ̀.

Sátidé dé. Fọláhàn wọ kóòtù gígùn nínú oòrùn Ìkìrun, ó dúró sí géètì wọn. Èmi náà tẹ̀ lé e. Àwọn ẹbí Ráájí ń já ẹrù, ọ̀kan nínú wọn rí géńdé tó dúró lásán. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, bá wa gbé iṣu yìí wọlé."

Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin náà, kí ló yẹ kó wí? Ó dákẹ́, ó ru iṣu. Iṣu ìdána ọkùnrin mìíràn, lórí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi!

Nínú ilé, bàbá Moróunkẹ́ bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé ká gba ẹrù yìí?" Ẹ̀ẹ̀mẹta là ń bi ọmọ, kí wọ́n má baà ní wọ́n fipá mú un. Moróunkẹ́ wo Fọláhàn. Fọláhàn wò ó. Bàbá tún bi í. Wọ́n tún wo ara wọn. Mo já Fọláhàn ní èékánná, mo ní, "Sọ̀rọ̀, olórí líle!"

Ó sọ sí mi létí pé, "Àǹtí, ẹ fara balẹ̀. Apá kejìlá la ṣì wà. Apá kẹrìndínlógún, tí fíìmù bá ń parí, ni wọ́n máa ń sọ ọ́."

Bàbá bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Moróunkẹ́ nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbà á, bàbá mi."

Ìgbà tí wọ́n ṣàdúrà tán, tí wọ́n ti ń jẹ obì, ni Fọláhàn tó bọ́ sí àárín ilé. Ó kúnlẹ̀. Ọkùnrin o! Kò dọ̀bálẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Moróunkẹ́, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ!"

Bàbá tó dàgbà jù nínú ẹbí Moróunkẹ́ gbé obì mì, ó ní, "Nígbà tí a bi í lẹ́ẹ̀mẹta, níbo lo wà?"

"Mo wà níbí, sà. Mo ń wò ó ni."

Bàbá náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Iṣu ṣì kù níta. Lọ kó o wọlé."

Fọláhàn wò ó. Ó lọ kó iṣu wọlé.