Igi Ìgbálẹ̀ tí Wọ́n Fi Ra Mẹ́mọ́rì

Bí Bàbá Akínkúnlé bá tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ láàárọ̀, ìyàwó rẹ̀ á gbé ẹ̀wà kaná. Ẹ̀wà á jinná, wọn á jẹ ẹ́ tán, wọn á fọ abọ́.

Kọ̀ǹpútà ṣì ń ronú!

Tẹ́lẹ̀, kò kan bàbá. Ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà yẹn ni gbogbo àkọsílẹ̀ agbo ilé wọn ní Òkèrèwè wà: ìgbà tí wọ́n bí oníkálukú, ọdún tí àwọn òkú kú, títí dórí ẹni tó kọ́kọ́ ra kẹ̀kẹ́. Ọdún méjìlá ni bàbá fi ń tẹ̀ ẹ́, ìka kan ṣoṣo ló sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Ní Sátidé, ẹbí fẹ́ yan olórí ẹbí tuntun, ẹni tó bá dàgbà jù ló máa jẹ ẹ́. Àgbà méjì ló ń du ipò náà, Bàbá Adéagbo àti Bàbá Fáníyì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti kí ara wọn gbẹ̀yìn. Kì í ṣe ìjà o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kí èkejì ti di àbúrò nìyẹn!

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu," Bàbá Akínkúnlé ti fọ́nnu fún gbogbo ẹbí. "Ó wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Ní Sátidé, ẹ ó fojú ara yín rí i."

Ta ló máa jókòó ti àgbà méjì tó ń bínú títí ẹ̀wà á fi jinná? Wọ́n ní mẹ́mọ́rì inú ẹ̀rọ náà ló kéré, kó ra òmíràn kún un. Ní ọjọ́ Ẹtì, bàbá tú ikùn kọ̀ǹpútà. Ó rí mẹ́mọ́rì kan pẹlẹbẹ tó dúró síbẹ̀, àyè òfìfo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Ẹniolúwa," ó ké sí ìyàwó rẹ̀, "fún mi ní igi ìgbálẹ̀ kan."

"Kí lẹ fẹ́ gbá nínú kọ̀ǹpútà?"

"Mo fẹ́ fi wọn nǹkan ni."

Ó gbé igi náà lé mẹ́mọ́rì lórí, ó ṣẹ́ ẹ níbi tó parí sí. Pẹ́kẹ́! Ó ki igi náà bọ inú fìlà, ó gun ọ̀kadà, ó di Ilare, lọ́dọ̀ Tolúwalàṣẹ tó ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, ó ní mẹ́mọ́rì lòun fẹ́ rà.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Irú èwo ni kọ̀ǹpútà yín ń lò, DDR3 àbí DDR4?"

Bàbá ṣí fìlà. "Ìwọ̀n rèé."

Ọmọbìnrin náà wo igi ìgbálẹ̀. Ó wo bàbá. Ó tún wo igi.

"Bàbá, bàtà kọ́ lẹ fẹ́ rà o!"

"Ọmọ méje ni mo fi igi ìgbálẹ̀ ra bàtà fún. Èwo lo rí tó ń tiro nínú wọn?"

"Ẹ bá ti yọ ti inú ẹ̀rọ wá, kí n fi wò ó."

"Ṣé ẹni tó bá fẹ́ ra bàtà máa ń gé ẹsẹ̀ ẹ̀ wá sọ́jà ni?"

Yéè! Ẹ̀rín fẹ́ pa Tolúwalàṣẹ!

Bàbá na ọwọ́ mú DDR4 kan lórí tábìlì, ó gbé igi lé e. Ó ṣe rẹ́gí!

"Ṣó o rí i?"

"Bàbá, gígùn wọn kì í yàtọ̀. Ibi tí wọ́n gé nísàlẹ̀ ni kì í bára mu. Tó bá jẹ́ DDR3 ni kọ̀ǹpútà yín ń lò, èyí ò ní wọlé láéláé."

"Bàtà tuntun wo ni kì í kọ́kọ́ fúnni lẹ́sẹ̀?"

Bàbá ti sanwó, ó ti gun ọ̀kadà.

Ó délé, ó ki mẹ́mọ́rì náà bọ àyè òfìfo. Kò wọlé. Ó yí i padà. Kò wọlé.

"Ṣé ó ti wọlé?" ìyàwó rẹ̀ béèrè láti ilé ìdáná.

"Ó ń bọ̀ lọ́nà!"

Bàbá bu òrí, ó fi pa mẹ́mọ́rì lẹ́nu, bí ẹní fẹ́ bọ́ òrùka tó há. Ó kúnlẹ̀, ó wa eyín pọ̀, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́.

Kọ̀ọ́!

Ìdajì wọlé, ìdajì wà níta. Ó tì í, kò lọ. Ó fà á, kò bọ̀. Ó tan kọ̀ǹpútà.

Píí! Píí! Píí!

Ilẹ̀ Sátidé mọ́, ẹbí kún pálọ̀ fọ́fọ́. Píí! Píí! Píí!

"Kí ló ń sọ?" Bàbá Fáníyì béèrè.

Òógùn bo Bàbá Akínkúnlé. "Ó... ó ń ka ọjọ́ orí lọ́wọ́ ni, sà."

"Mẹ́ta ló kà!" Bàbá Adéagbo fò dìde. "Ẹ gbọ́ ọ! Ọdún mẹ́ta ni mo fi ju Fáníyì lọ!"

"Ó dárúkọ ẹ ni? Kọ̀ǹpútà! Tó bá jẹ́ èmi ni ẹ̀gbọ́n, ké!"

Píí!

Bàbá Fáníyì bẹ̀rẹ̀ ijó.

"Tó bá jẹ́ èmi Adéagbo ńkọ́?"

Píí!

Bàbá Adéagbo náà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀.

Ìyàwó bàbá ti fóònù Tolúwalàṣẹ. Ọmọbìnrin náà wọlé, ó yọ mẹ́mọ́rì tó há, òrí ń ṣàn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ dín in ni?"

Ó nu ibẹ̀, ó ki DDR3 bọ̀ ọ́. Fìrí! Kọ̀ǹpútà ṣí kí ẹnikẹ́ni tó sín. Bàbá Akínkúnlé bá gbé àyà síwájú.

"Ka tàwọn bàbá méjèèjì sókè, kí ayé gbọ́!"

Tolúwalàṣẹ kà á: "Bàbá Adéagbo: wọ́n ti ń sáré kiri àgbàlá kí wọ́n tó bí Bàbá Fáníyì."

"Ẹ ṣeun!" Bàbá Adéagbo ṣí fìlà fún gbogbo ẹbí.

"Ó kù, sà. Bàbá Fáníyì: àwọn ni wọ́n ń pọn Bàbá Adéagbo lọ sódò."



"Bàbá Ẹniolúwa," ìyàwó rẹ̀ ní, "ta ló sọ èyí fún yín?"

"Èmi kì í ṣe iṣẹ́ jákujàku," bàbá dáhùn jẹ́jẹ́. "Mo lọ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí oníkálukú wọn ṣe sọ tiẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́."

Àgbà méjèèjì fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà: "Pa á! Pa nǹkan yẹn!"

Háà! Ẹnu wọn kò! Ẹbí pàtẹ́wọ́.

Bàbá Adéagbo dé fìlà rẹ̀ padà. "Ẹ ṣáà gbọ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́."

"Ìwọ ta? Ẹnu ẹ ò tíì là tí mo ti sọ tèmi tán!"