Fìlà Tó Dá Mọ́tò Dúró

Gìdì-gìdì-gìdì, páù! Gìdì-gìdì, páù! Bí mo bá ti gbọ́ irú ìró mọ́tò yẹn níbí, ní Kùmásí, ọkàn mi a padà sí Ìlọrin, ẹnu mi a sì máa sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí: ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá. Àná tí mò ń wí yẹn ti pé ọdún mọ́kàndínlógójì. Lọ́dọ̀ mi, àná ni.

Mọ̀múdù, tó ń kó ẹrù iyọ̀ láti ìdí réluwéè lọ sí Ọjà-Ọba, ló pe Yàhàyá lẹ́jọ́. Ó ti fi Dánda, ẹṣin tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, gba àlòkù mọ́tò lọ́wọ́ Yàhàyá. Mọ́tò kò rìn. Iléyá sì ku ọjọ́ mẹ́fà, ọjọ́ tí gbogbo ọkùnrin ilé wọn ń gun ẹṣin bọ̀ láti yídì. Mógàjí Àbdùlgàfárù, tó máa ń gbọ́ ẹjọ́ kéékèèké lẹ́nu ọ̀nà ààfin, jókòó sórí awọ àgbò. Àáfà Bẹ̀llò, akọ̀wé rẹ̀, ti kálámù bọ tàdáà.

"Mọ̀múdù, kí ni mọ́tò ṣe ọ́?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Mógàjí. Ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn."

"Kò dún ni?"

"Ó ń dún bí ìgbà tí ilé ń wó. Gbogbo ara rẹ̀ a máa gbọ̀n, ẹ óò rò pé Mẹ́kà ló ń lọ. Kò ní kúrò lójú kan."

"Báwo ló wá ṣe dé ibí?"

"Dánda ló fà á wá. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Yàhàyá fún àárọ̀ yìí nìkan."

Gbogbo wa yíjú sẹ́yìn. Ẹṣin ń mí hẹlẹhẹlẹ, Mọ̀múdù di ìjánu rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jí i. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́tò kò yí rárá. Ó ti wọ́ nílẹ̀ láti àdúgbò Gàmbàrí, bí ẹni tó ń kọ ilà fún ojú ọ̀nà.

Mógàjí kọjú sí Yàhàyá. "Ìwọ lo búra fún un pé mọ́tò yìí ń fà?"

"Mo búra. Ó ń fà, Mógàjí."

"Kí ló ń fà?"

"Èrò. Láti ọjọ́ tó ti dé ilé Mọ̀múdù, ṣé iwájú ilé rẹ̀ ṣófo rí? Ta ló mọ Mọ̀múdù tẹ́lẹ̀?"

"Ẹrù iyọ̀ ni mo ní n óò fi fà!" Mọ̀múdù ti fò dìde.

"O sọ̀rọ̀ ẹrù. O ò sọ ta ni yóò fa ta ni."

"O tún ní kì í já ni kulẹ̀!"

"Ṣé o gbé e síbì kan rí, kí o padà dé, kí o má bá a níbẹ̀? Dánda ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ló sá lọ lọ́dún tó kọjá."

Àáfà Bẹ̀llò gbé orí sókè. "Òótọ́ ni. Mo bá wọn wá a."

"Ọwọ́ mélòó ni mọ́tò yìí ti gbà kọjá?" Mógàjí bi Yàhàyá.

"Ọwọ́ òyìnbó kan ṣoṣo, tó ń ra òwú. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi wọ ilé mi, wàláì."

"Ẹsẹ̀ òyìnbó?"

"Ẹsẹ̀ mọ́tò."

Èmi ni wọ́n pè ṣe onímọ̀. Mo ti wọ mọ́tò rí, lẹ́ẹ̀kan, láti Ọ̀fà dé Ìlọrin; ní àdúgbò wa nígbà náà, ìyẹn tó. Mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ta á nípàá. Mo gbóòórùn rẹ̀.

"Àlòkù mọ́tò dà bí opó," ni mo wí. "Ó ṣì ń retí ọkọ àárọ̀. Èdè òyìnbó nìkan ló gbọ́."

"Irin gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó yìí ńkọ́?" Mógàjí bi mí.

"Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé fìlà kọ́."

"Ohun tó sọ fún mi náà nìyẹn," ni Mọ̀múdù wí, ó nawọ́ sí mi. "Irin náà dùbúlẹ̀ nígbà tí mo gbà á. Mo fà á nàró kí fìlà mi má baà bọ́."

Jummai, tó ń ta kúlíkúlí níwájú ilé Mọ̀múdù, dìde láàárín àwọn ẹlẹ́rìí.

"Mógàjí, mọ́tò yẹn rìn."

Mógàjí yíjú sí i.

"Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ Jímọ̀. Mọ̀múdù gbàgbé fìlà, ó sáré padà wá mú un, nǹkan náà ṣì ń dún. Bí ó ti fa fìlà yọ, irin ṣubú, mọ́tò rìn. Ó fọ́ ìkòkò òróró mi, ó sì kú."

"Mọ̀múdù, o rí i?"

"Mo ti kẹ́yìn, mò ń sá lọ kírun. Nígbà tí mo dé, mo bá a lórí ìkòkò. Mo rò pé èrò ló tì í. Mo sì tún fa irin nàró fún fìlà mi."

"Jummai, fìlà ló ń dá mọ́tò dúró?"

"Ohun tí mo rí ni mo sọ."

Mógàjí wò mí. "Onímọ̀?"

Nígbà yẹn, mo ti ń gbèrò àtirán àwọn ìyá mi lọ sílé Jummai láti tọrọ rẹ̀. Ó yẹ kí n ní mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára mi.

"Irọ́ ni, Mógàjí. Bí fìlà bá lè dá mọ́tò dúró, láwàní Àáfà Bẹ̀llò ì bá ti dá réluwéè dúró."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Jummai kò rẹ́rìn-ín.

Mógàjí gbọn ẹ̀wù rẹ̀. "Mọ̀múdù, kí lo gbà lọ́wọ́ Yàhàyá?"

"Ohun tó ń fà, Mógàjí."

"Kí ló fa kí ni wá síbí?"

"Ẹṣin fa mọ́tò."

"Ó parí. Ohun tó ń fà lo gbà. Mú ohun tó ń fà lọ sílé rẹ. Yàhàyá, èyí tí kì í já ni kulẹ̀ ni tìrẹ. Gbé e. Ní ti ìwọ Jummai, a kò ní gba ẹ̀rí rẹ lẹ́nu ọ̀nà yìí mọ́, títí mọ́tò yìí yóò fi rìn fúnra rẹ̀. Àáfà, kọ ọ́."

Àáfà kọ ọ́.

Ọkùnrin méjìlá ló gbé mọ́tò lọ sábẹ́ igi ọdán Yàhàyá, níbi tí ilẹ̀ ti dà sí ìsàlẹ̀. Mọ̀múdù gun Dánda lọ́jọ́ Iléyá. Àwọn ìyá mi lọ sílé Jummai, wọ́n sì gbé èsì bọ̀: "Ẹ ní mi ò lè fẹ́ ẹni tó mọ gbogbo nǹkan."

Mo bá tèmi lọ, mo kúrò ní Ìlọrin. Ọdún kejì tí mo dé Kùmásí ni mo kọ́ mọ́tò wíwà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rí irin gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, mo bọ́ fìlà mi, mo gbé e kọ́. Ọ̀gá mi gbá mi lọ́wọ́, ó sì sọ orúkọ irin náà fún mi. Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń tì mí.

Lóṣù tó kọjá, ará ilé kan dé láti Ìlọrin. Ó ní mọ́tò ṣì wà lábẹ́ ọdán, adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Mógàjí mẹ́ta ti jẹ lẹ́yìn ti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìwé Àáfà Bẹ̀llò wà níbẹ̀. Wọ́n jí ewúrẹ́ Jummai lójú rẹ̀ kòrókòró, nígbà tó mú ẹjọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà ààfin, wọ́n ní kó lọ wá ẹlẹ́rìí mìíràn.

Mo dìde, mo lọ tẹ wáyà sí i:

"Jummai. Ìwọ lo rí i, èmi ni mo purọ́. Irin yẹn kì í ṣe ti fìlà. Ìjánu ni. Pe Mógàjí wá, kí ó dúró lápá òkè. Lé àwọn adìẹ jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, tú ìjánu náà."