Báàgì Tó Jẹ Gàrí Yó

Báàgì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọ ààfin lánàá, kí àwọn tó ń jà lé e lórí tó wọlé. Báàgì búlúù ni, ikùn rẹ̀ ti bẹ́, gàrí sì ti gbẹ mọ́ ọn lára bí ẹ̀bà àná. Kábíyèsí wò ó títí, ó ní kí wọ́n gbé e jìnnà sí òun díẹ̀.

Félicité ló pe ẹjọ́. Gbogbo Issaba ló mọ̀ ọ́n sí Ìyá Grâce, obìnrin tó ń yan gàrí. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Fẹ̀sọ̀jayé, oníṣòwò ará Nàìjíríà tó ń ta báàgì ìrìnàjò lọ́jà Sakété. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Grâce bímọ ní Libreville, tó ní kí ìyá òun máa bọ̀ wá bá òun wẹ ọmọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Félicité, kò wọ báálù rí.

"Kábíyèsí, kì í ṣe owó ni mo wá gbà," ni Félicité wí. "Báálù tó yẹ kó gbé mi ti lọ. Ọmọ mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n sún mi sí ọjọ́ Sátidé, ọ̀túnla nìyẹn. Báàgì tí kò ní dójú tì mí ni mo ń wá."

Ó ní òun sọ fún Fẹ̀sọ̀jayé pé báálù lòun ń wọ̀ lọ. Fẹ̀sọ̀jayé gbé báàgì búlúù yìí kalẹ̀, ó gun orí rẹ̀, ó jó, ó ní bí erin bá jókòó sí i kò ní ya.

"Èmi náà rí i tó ń jó," ni Delphine sọ láti ẹ̀yìn. Delphine ń ta àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ náà.

"Ìwọ wà níbẹ̀?" ni Kábíyèsí bi í.

"Mo wà níbẹ̀. Mo ń sùn ni."

"O ń sùn, o sì rí i?"

"Bọ̀dá Fẹ̀sọ̀ tó bá ń jó, gbogbo ìsọ̀ ló ń mì, Kábíyèsí. Ẹni tó ń sùn ló máa ń mọ̀ ọ́n jù."

Àríyọ̀, akọ̀wé ààfin, béèrè bí òun ṣe máa kọ ìyẹn. Kábíyèsí ní kó kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ.

Fẹ̀sọ̀jayé dọ̀bálẹ̀ dáadáa kó tó sọ̀rọ̀. "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Báàgì mi kò ya. Ó yó ni."

"Ó ṣe kí ni?"

"Ó yó. Ẹ bi màmá bóyá àpò ni wọ́n rọ gàrí sí, tàbí ọ̀rá. Rárá o. Inú báàgì gan-an ni wọ́n dà á sí, bí ẹni ń da àgbàdo sínú àká. Òjò wá rọ̀ lójú ọ̀nà Porto-Novo. Ẹni tó bá jẹ gàrí gbígbẹ, tó wá mu omi lé e, ṣé ikùn rẹ̀ kò ní wú? Nínú ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ta ló lè jẹ kílò mẹ́tàlélógún, kó mu òjò lé e, kí ikùn rẹ̀ má bẹ́? Báàgì yẹn gbìyànjú. Ó yẹ ká kí i kú ìnira."

Àwọn ìgbìmọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Kábíyèsí bi Félicité ìdí tí gàrí kò fi sí nínú àpò.

"Ẹrù kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n gbé, Kábíyèsí. Bí mo bá wá fi àpò sínú báàgì, ṣé kò ti di méjì?"

Kò sí ẹni tó lè dáhùn nínú ìgbìmọ̀, nítorí kò sí ẹni tó wọ báálù rí nínú wọn. Kábíyèsí ní a ó padà síbẹ̀.

Innocent, kẹ̀kẹ́nọ̀ tó fi alùpùpù gbé Félicité àti ẹrù rẹ̀, ló kàn. Ó búra pé òjò kankan kò rọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Kí ló dé tí o fi wọ aṣọ òjò?" ni Félicité bi í.

"Ẹ̀yin màmá, òtútù ni."

Kábíyèsí wò ó lójú. Innocent ní ó dáa, òjò rọ̀, àmọ́ apá ọ̀tún ọ̀nà nìkan ló rọ̀ sí. Wọ́n bi í pé apá ibo ni báàgì wà. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní apá ọ̀tún ni.

Félicité parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé báàgì sórí òṣùwọ̀n ní pápákọ̀ òfurufú, síìpù kọ́kọ́ là, lẹ́yìn náà gàrí tú síta, ó sì tẹ́ lọ títí dé ibi tí àwọn èèyàn tò sí. Wọ́n ní kó fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Gàrí ọwọ́ rẹ̀, kó fi sílẹ̀? Ìgbà tó fi kó o tán, báálù ti gbéra.

"Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Grâce ń pè mí," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Á gbé fóònù sí ọmọ náà lẹ́nu kí n lè gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ọmọ ń ké ní Libreville, ẹni tó máa wẹ̀ ẹ́ jókòó sí Issaba."

Kábíyèsí yíjú sí Fẹ̀sọ̀jayé, ẹni tó ti to báàgì mẹ́rin mìíràn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

"Ṣé gbogbo èyí ló lágbára?"

"Gbogbo wọn ló lágbára ju ara wọn lọ, Kábíyèsí."

"Ó dáa. Yan ọ̀kan, kí o wọ inú rẹ̀. Wọ́n á fa síìpù rẹ̀ dé ọrùn rẹ, orí rẹ á wà níta, nítorí a kì í ṣe apààyàn. Innocent á gbé ọ dé Pobè, á gbé ọ padà. Tẹ́ ẹ bá dé, àwọn ọ̀dọ́ á máa jù ọ́ bí wọ́n ṣe ń ju ẹrù sínú báálù. Bí báàgì kò bá ya, o jàre."

Fẹ̀sọ̀jayé dìde. Ó gbé àkọ́kọ́, ó fa síìpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Oníke ni. Kò ní dé kọ́nà." Ó ti èyí tó pupa sẹ́yìn, ó ní òwú ẹyọ kan ni wọ́n fi rán ọwọ́ rẹ̀. Ó dojú èyí tó dúdú dé, ó fi àtàǹpàkò ti táyà rẹ̀, táyà yí lọ sí ẹsẹ̀ Delphine. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹrin le koko bí igbá. Ó fi èékánná kàn án, ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọ́n bá jù ú nílẹ̀, á sán. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ohunkóhun. Àríyọ̀ ń kọ, kò gbé orí sókè.

Nígbà tí báàgì tán, Fẹ̀sọ̀jayé kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n ránṣẹ́ sílé. Ọ̀kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

Wọ́n gbé e dé: báàgì àtijọ́ kan tó ti ṣá, síìpù rẹ̀ jẹ́ irin, wọ́n rán an lẹ́ẹ̀mejì, ìdè irin ni wọ́n sì fi de táyà rẹ̀. Ó ní ọdún kọkànlá rèé tí òun ti ń fi kó aṣọ òun lọ sí Ìlaròó, òwú rẹ̀ kan kò já rí.

"Inú èyí lo fẹ́ wọ̀?"

"Inú rẹ̀ ni. Èyí kò ní já mi sílẹ̀."

"Má wọ̀ ọ́ mọ́," ni Kábíyèsí wí. "Ìyá Grâce, ẹ gba báàgì yín."

Fẹ̀sọ̀jayé nawọ́ sí báàgì àtijọ́ rẹ̀. Kábíyèsí ní báàgì búlúù ti di tirẹ̀. Kó rán an, kó sì fi kó aṣọ rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Innocent ló máa gbé Félicité lọ ní Sátidé. Bí òjò bá dé, báàgì ló máa wọ aṣọ òjò, Innocent á máa rin.

Félicité kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, àmọ́ kò tíì dìde. Ó ní ọ̀rọ̀ àpò ńkọ́?

"Bí aboyún bá wọ báálù, tíkẹ́ẹ̀tì mélòó ló ń rà?"

"Ọ̀kan, Kábíyèsí."

"Ẹ so gàrí yín mọ́ inú àpò, kí ẹ máa lọ wẹ ọmọ."

Láàárọ̀ yìí, mo gba ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ Fẹ̀sọ̀jayé kọjá. Obìnrin kan gbé báàgì kan sókè, ó bi í bóyá á pẹ́ lọ́wọ́ òun. Fẹ̀sọ̀jayé kò jó. Ó wo báàgì búlúù tó fi rọ́bà dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ọ̀nà ààfin, ó wá rọra béèrè pé:

"Ṣé ẹ máa kó gàrí sí i?"