Kọ̀ǹpútà Ní Sọ́ńdè Ni

Ọ̀sán Sátidé kan ni, lọ́dún 1992. Túbọ̀sún, ọ̀dọ́mọkùnrin onítáì tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà ní Yábàá, tó sì gbà pé kò sí ohun tí òun kò mọ̀, jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá, tó ní mọ́tò kan ṣoṣo tó fi ń gbé òkú lọ síbi ìsìnkú ní Sùúrùlérè, já wọlé, ó ń nu òógùn.

ỌLÁYÍWỌLÁ: Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, gbà mí! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdílé méjì dì mí mú ní Costain. Pósí méjì, mọ́tò kan, ọjọ́ kan náà. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, mo kógbá sílé nìyẹn.

TÚBỌ̀SÚN: Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Kàlẹ́ńdà orí kọ̀ǹpútà ló kù yín kù. Irú ẹ̀rọ wo lẹ ní?

ỌLÁYÍWỌLÁ: Èyí tí ọmọ mi pa tì kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

TÚBỌ̀SÚN: Ó ti gbó nìyẹn. Ètò tó fúyẹ́ lẹ máa lò.

*(Ọláyíwọlá gbé dísìkì méjì tí ètò wà nínú wọn sọ́wọ́, ó ń wọ̀n wọ́n.)*

ỌLÁYÍWỌLÁ: Méjèèjì ló fúyẹ́. Fún mi ní èyí tó wúwo, jọ̀ọ́. Iṣẹ́ òkú kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé.

TÚBỌ̀SÚN: Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí tó wúwo.

*(Ó ki dísìkì kan bọnú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń kùn. Wọ́n ń wò ó.)*

ỌLÁYÍWỌLÁ: Kí ló ń ṣe?

TÚBỌ̀SÚN: Ó ń ya òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù.

ỌLÁYÍWỌLÁ: Ta ló bẹ̀ ẹ́? Àwọn oníbàárà mi ò lè dúró tó báyìí o.

TÚBỌ̀SÚN: Ṣebí wọ́n ti kú?

ỌLÁYÍWỌLÁ: Àwọn ọmọ wọn ni mò ń wí!

*(Iná lọ. Òdòdó pẹ̀lú rẹ̀ lọ. Nígbà tí iná dé, Túbọ̀sún ti mú dísìkì kejì.)*

TÚBỌ̀SÚN: Èyí tó fúyẹ́ rèé. Kò ya nǹkan kan. Ojú rẹ̀ dúdú, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ tẹ Éńtà, ó fèsì ní gbólóhùn kan.

ỌLÁYÍWỌLÁ: Bí ìyàwó mi tó bá ń bínú.

TÚBỌ̀SÚN: Ọjọ́ wo lẹ máa gbé òkú tó kàn?

ỌLÁYÍWỌLÁ: Àwọn ọmọ olóògbé Akínlabí wá láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ọjọ́ kẹjọ òní.

TÚBỌ̀SÚN: Mẹ́jọ. Éńtà. Ẹ wò ó: Sọ́ńdè.

ỌLÁYÍWỌLÁ: Sátidé ni.

TÚBỌ̀SÚN: Kọ̀ǹpútà ní Sọ́ńdè ni.

ỌLÁYÍWỌLÁ: Ṣé kọ̀ǹpútà ló bí wọn ni? Òní lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà!

TÚBỌ̀SÚN: Kọ̀ǹpútà kì í ka òní. Òfo ló ń pè é.

ỌLÁYÍWỌLÁ: Gbogbo òógùn tí mo là láti àárọ̀, lórí òfo ni?

TÚBỌ̀SÚN: Bàbá, ayé ti lajú. Irú kíkà yín yìí ló jẹ́ kí pósí méjì pàdé.

*(Ọláyíwọlá họrí.)*

ỌLÁYÍWỌLÁ: Ó lè jẹ́ òótọ́ o. Ìyẹn ni pé Sátidé tó ń bọ̀ ṣófo? Àwọn ará Pápá Àjàó kan ń bẹ̀ mí fún un.

TÚBỌ̀SÚN: Ẹ gbà fún wọn! Èmi gan-an, kàlẹ́ńdà yìí ni mò ń lò. Bàbá Tiwalọlá, ọmọ tí mo fẹ́ fi ṣaya, sọ fún mi ní Sátidé tó kọjá pé kí n wá rí òun lọ́jọ́ kẹjọ òní, ní aago méjì. Mo tẹ mẹ́jọ. Kọ̀ǹpútà ní ọ̀la, Sọ́ńdè.

ỌLÁYÍWỌLÁ: Ará ibo ni bàbá náà?

TÚBỌ̀SÚN: Ìjẹ̀bú.

ỌLÁYÍWỌLÁ: Ó ní kọ̀ǹpútà?

TÚBỌ̀SÚN: Rárá. Aṣọ ló ń tà.

*(Túbọ̀sún rọra ń fi ìka rẹ̀ ka ọjọ́ lábẹ́ tábìlì, láti Sátidé tó kọjá. Nígbà tó dé ìkẹjọ, ẹnu rẹ̀ ṣí, kò lè pa á dé.)*

TÚBỌ̀SÚN: Yéè! Òní ni!

ỌLÁYÍWỌLÁ: Aago mẹ́ta sì ti lù. Mo dúpẹ́ o. Àwọn ará Pápá Àjàó ò rí Sátidé mi gbà mọ́ nìyẹn.

TÚBỌ̀SÚN: Bàbá, ẹ ṣàánú mi! Ẹ fi mọ́tò yín gbé mi dé ilé wọn ní Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó!

ỌLÁYÍWỌLÁ: Mọ́tò òkú? Lọ sílé àna?

TÚBỌ̀SÚN: Mo fara mọ́ ọn!

*(Ó sáré jáde, ó ń fa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò.)*

ỌLÁYÍWỌLÁ: Bọ́ síwájú, ọmọ mi. Ẹni tí kò kánjú mọ́ ló ń wọ ẹ̀yìn.