Ọ̀gá Àgbà Ọgbà Mọ́tò

Ẹ bá mi kí ọkọ ọmọ mi, Gervase Tranter, Arẹwà-nínú-kóòtù, Asọ̀rọ̀-bí-ẹni-tó-ni-Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin tó máa ń kí dígí láàárọ̀ kó tó kí ìyàwó ẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa bá àwọn èèyàn ta ilé. Yàrá tí èèyàn ò lè na ẹsẹ̀ tán nínú ẹ̀, Gervase á ní ó ń fani mọ́ra. Èmi Bridie, ìyá ìyàwó ẹ̀, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ títí. Bó bá ti yin nǹkan jù, òrùlé ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò.

Ohun tó wá yìn jù láyé ẹ̀ ni ilé-ìwé girama àwọn Kátólíìkì kan tó wà ládùúgbò wa. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ìjọba ló ń gbọ́ bùkátà ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sanwó ilé-ìwé níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn akọrin wọn bá la ẹnu, ara èèyàn á bù máṣọ. Wọ́n ti kọrin ní Róòmù, wọ́n ti kọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Gervase fúnra ẹ̀ ò fẹ́ràn orin. Lọ́jọ́ tá a lọ gbọ́ orin Kérésì wọn, orin kejì ò tíì parí tó ti ń hanrun. Àtẹ́wọ́ ló jí i. Ló bá fò dìde, ó ń pariwo "Ẹ kú iṣẹ́!" ju gbogbo ilé lọ.

"Màmá, ṣé ẹ rí i?" ló wí nínú mọ́tò nígbà tá a ń padà sílé. "Bíi tàwọn olówó ló rí délẹ̀délẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni! Kò sí oníbàárà mi tí kò ní gbọ́ ọ pé ibẹ̀ lọmọ mi ń lọ."

"Ṣé o ti bi Clemmie bóyá ó fẹ́?"

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ? Kí ló mọ̀?"

Clemmie mọ̀. Òun nìkan lọmọ tí wọ́n bí, orin ló sì fi ń jí, orin ló fi ń fọ eyín. Mi ò ní sọ bí ohùn ẹ̀ ṣe rí, ẹ ó ní torí pé ọmọ ọmọ mi ni. Ó sọ ọ́ sí mi létí lọ́jọ́ yẹn pé, "Màmá àgbà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọrin níbẹ̀. Kì í ṣe Sọ́ńdè nìkan." Bó ṣe sọ ọ́ wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Látọjọ́ náà ni mo ti ń gbàdúrà kí ọmọ náà rí àyè níbẹ̀.

Kì í sì í ṣe orin nìkan ni wọ́n fi ń wọbẹ̀. Kí ọmọ tó ṣe ìdánwò orin, ìwé kan wà tí Fadá ìjọ gbọ́dọ̀ buwọ́ lù, pé ìdílé náà ń ṣe ẹ̀sìn lóòótọ́. Gervase gbọ́ pé ìwé wà. Kò kà á. Ọkùnrin tó ń kọ̀wé fún ẹlòmíràn láti buwọ́ lù lójoojúmọ́, òun kì í ka tẹnikẹ́ni. Ó ti pinnu lọ́kàn ara ẹ̀ pé ohun tí ìwé náà ń fẹ́ ni kí gbogbo ayé rí òun ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Fadá wa ni Fadá Biju, ọmọ Kerala ní Íńdíà, èèyàn kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kọ́kọ́ fún Gervase ní Ìwé Mímọ́ kà. Àna mi ka lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Kọ́ríńtì bí ẹni pé ilé kan ló kù ní Kọ́ríńtì tó fẹ́ tà kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Fadá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kó lọ sinmi díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Gervase rí ọgbà mọ́tò.

Ọgbà mọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì wa ò gbà ju mọ́tò mọ́kànlá lọ, wọ́n sì ti mọ àyè ara wọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ìyẹn ò dí Gervase lọ́wọ́. Ó ra jákẹ́ẹ̀tì pupa rúsúrúsú tó ń tàn yanran, ó ní kí wọ́n kọ Ọ̀GÁ ÀGBÀ sẹ́yìn ẹ̀. Ó tún ra rédíò tí àwọn ọlọ́pàá fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ó gbé e há ìgbàdí. Ìkejì rédíò náà ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà lọ, ní gbogbo Sọ́ńdè, agogo mẹ́wàá ku díẹ̀, ẹ ó bá Gervase níta, tó ń ju ọwọ́ sókè, tó ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Èmi àti Clemmie á wọlé, ọmọ á gun òkè lọ bá àwọn akọrin. Bí aago bá ti lù tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, ọ̀gá àgbà á wọnú mọ́tò ara ẹ̀, á tan ooru, á ṣí ìwé ìròyìn, á máa jẹ búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Fèrèsé ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń wò ó nígbà tí mo bá yọ́ lọ gbé omi tíì kaná. Orin ìkẹyìn ló fi ń nu ẹnu. Ká tó jáde, ó ti dúró gbagidi bíi sójà.

"Gervase, ẹ mà kú iṣẹ́ o!"

"Iṣẹ́ Olúwa ni," á sì tẹ orí ba.

Mo bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Gervase, wọlé."

"Màmá, ta ló máa ṣọ́ mọ́tò?"

"Ta ló fẹ́ jí mọ́tò Zbigniew bíríkìlà? Zbigniew fúnra ẹ̀ ṣì ń bẹ̀ ẹ́ kó tó ṣí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mi ò mọ bí ayé ṣe ń lọ. Bó ṣe ṣe é fún ọdún méjì gbáko nìyẹn.

Nígbà tí àsìkò ìwé wá tó, ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ń lọ yanjú lọ́fíìsì Fadá láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, Gervase sọ ọ́ di ayẹyẹ. Ó pe gbogbo ìjọ sí gbọ̀ngàn lẹ́yìn Mísà, ó gbé kéèkì wá. Ó ní kí ọmọ mi Imogen, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Sọ́ńdè, tọrọ ààyè níbi iṣẹ́. Ó ti ra kóòtù ilé-ìwé náà, ó sì ti wọ̀ ọ́ sí Clemmie lọ́rùn. Ọwọ́ kóòtù gùn ju ọwọ́ ọmọ lọ. Ojú ń ti ọmọ náà, kò lè gbé orí sókè.

"Èmi kì í ṣe ẹni tó ń yin ara ẹ̀," ni Gervase fi bẹ̀rẹ̀. Ó wá yin ara ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé yọ nínú àpò aláwọ kan, ó ti kọ orúkọ ara ẹ̀ gàdàgbà sí i. Ó na kálámù aláwọ̀ góòlù sí Fadá.

Fadá Biju kà á. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Tranter, ẹ jẹ́ ká lọ sọ èyí lọ́fíìsì mi."

"Rárá o, Fadá! Mi ò ní àṣírí. Ẹ kà á sókè, kí gbogbo èèyàn gbọ́!"

"Ìbéèrè méjì péré ni. Ọjọ́ wo ni wọ́n sàmì fún ọmọ? Ìyẹn ti wà lákọsílẹ̀. Ìkejì ní, ṣé ọmọ yìí, àti òbí ẹ̀ kan ó kéré tán, ti ń wá sí Mísà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Ẹ buwọ́ lù ú."

"Mísà, Ọ̀gbẹ́ni Tranter."

"Mo gbọ́ o, Fadá! Àwọn èèyàn nìyí, ẹ bi wọ́n. Ta ló lè ní mo pa Sọ́ńdè kan jẹ?"

Zbigniew, ọmọ Poland tó ń fi bíríkì kọ́lé, ló kọ́kọ́ dìde tọkàntọkàn. "Fadá, mo lè fi Bíbélì búra. Ọkùnrin yìí ò pa ọ̀kan jẹ. Bí mo ṣe ń wọlé, ó wà níta. Bí mo ṣe ń jáde, ó wà níta."

"Ẹ ò rántí Kérésì tó kọjá?" Ìyáàfin Lobo gbà á lẹ́nu ẹ̀. "Òjò ń dà bí ẹní fi garawa dà á! Gbogbo wa wà nínú ilé, ara wa gbóná, òun nìkan ló wà níta láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin."

"Ọjọ́ Àjíǹde náà ńkọ́!" ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn, ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́.

Àtẹ́wọ́ ti máa ń pa Gervase bí ọtí. Ó na àyà, ó ní: "Ẹ gbọ́ fúnra yín, Fadá! Láti agogo mẹ́wàá títí wọ́n á fi kọrin ìkẹyìn, fún ọdún méjì, ẹsẹ̀ mi ò kúrò nínú ọgbà mọ́tò yẹn rí! Kò sọ́jọ́ kan ṣoṣo!"

Àtẹ́wọ́ ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyáàfin Lobo gbé ife tíì ẹ̀ kalẹ̀.

"Háà," ni Zbigniew wí. "Ṣé kò wọlé rí ni?"

"Ó dùn mí," ni Fadá wí. "Mi ò lè kọ̀wé pé mo rí ohun tí mi ò rí."

"Iṣẹ́ tí mo ṣe ńkọ́? Ṣé kò ní máàkì?"

"Òfin ìlú ò gbà á. Ilé-ìwé ò gbọdọ̀ ka iṣẹ́ tí òbí bá ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì sí nǹkan kan. Ọ̀fẹ́ lẹ ṣe é."

Ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" yẹn gún Gervase dé egungun. Ó gbàgbé ibi tó wà. Ó lọgun: "Kí wá ni mo ń ṣe níta láti ọdún méjì?"

"Èmi náà ti ń rò ó," ni Fadá dá a lóhùn.

Àwọn kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín ní tèmi. Clemmie ni mò ń wò. Omijé ti ń kán sórí kóòtù ńlá yẹn, inú sì bí mi débi pé, ká ní mi ò bọ̀wọ̀ fún omi tíì gbígbóná tó wà lọ́wọ́ mi, ǹ bá dà á lé àna mi lórí.

"Fadá," ni mo wí, "èmi ni mò ń mú un wá. Ẹ kọ orúkọ mi."

"Bridie, òbí ni wọ́n kọ síbí. Wọn ò kọ ìyá àgbà." Ó yíjú. "Imogen, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?"

"Ó sàn díẹ̀, Fadá."

"Ìjókòó ẹ̀yìn tutù jù. Ẹ máa bọ́ síwájú." Ó wá kọjú sí gbogbo wa. "Sátidé, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tòun taṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń rí i ní Mísà, kò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ. Mísà Sọ́ńdè la sì ka ìyẹn sí."

Ẹnu ya èmi gan-an. Mo ti rò pé iṣẹ́ ti gba ọmọ mi lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ti fẹjọ́ ẹ̀ sun àwọn ẹni mímọ́ lóríṣiríṣi. Ojú tì mí.

"Sátidé?" ni Gervase wí. "Ìgbà wo lo ti ń lọ Mísà ní Sátidé? O ò sọ fún mi!"

"Mo máa ń sọ fún ẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀," ni Imogen wí, kò gbé ohùn sókè. "Ìwọ á ní kí n ra mílíìkì bọ̀."

Zbigniew ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo gbọ̀ngàn bá gbà á. Fadá gba kálámù góòlù, ó fa ìlà gba orí orúkọ Gervase, ó kọ Imogen sókè ẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé oníṣòwò ilé kì í pẹ́ nílẹ̀. Gervase ti rí ẹ̀rín fi sẹ́nu. "Ó ti parí sí rere!" ló ń wí. "Clemmie, lọ́jọ́ ìdánwò orin, èmi fúnra mi ni màá gbé ẹ lọ. Màá bá ọ̀gá àwọn olórin wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀..."

Ọmọ náà nu ojú. Kò fi ṣẹ̀fẹ̀ rárá, bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan ló ṣe sọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, tá a bá débẹ̀, ẹ dúró síta."

Gervase wo ìyàwó ẹ̀. Ó wò mí, ó wo Fadá, ó wo Zbigniew. Kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. Láti ọdún mẹ́tàlá tó ti fẹ́ ọmọ mi, mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí.